Ká Tó Kó Ọmọ Wẹ́wẹ́ Lọ Sí Ẹ̀yìn Ìlú

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé oṣooṣù. Bó ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́.)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kíkó lọ sí àdúgbò tuntun, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò kì í ṣe ẹ̀jẹ́ǹtì ilé. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi pè mí gan-an nìyẹn, pé lọ́yà ti wá bá wa sọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ rí, a sì ti gbọ́. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ti kó lọ wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí ojú mi rí náà ni mo gbé wá.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ekìmọ̀gún ni mí. Inú agbo ilé ni mo dàgbà sí. Bí ìyá mi bá ń lọ sọ́jà láàárọ̀, wọn kì í ti ilẹ̀kùn. Ta ni wọ́n fẹ́ tì í mọ́? Ìyàwó bàbá wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà wà nídìí ààrò, ọmọ tí ebi bá ń pa á wọ yàrá tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará Oǹdó tó wà níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà ní olórí tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Lóbùn ni, obìnrin sì ni. Obìnrin ló ń fi Ọ̀ṣemàwé jẹ, àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ, torí wọn ò kà á sí nǹkan kan, ni pé agbo ilé ló ń bá wọn tọ́mọ tí wọ́n fi ráyè ṣe olórí ọjà. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi rí pé, "Ta ni yóò bá mi wo ọmọ lónìí?" Kò sí nínú ìṣirò wọn.

Tíṣà ni ọkọ mi. Wọ́n gbé wọn wá sí Àkúrẹ́, a gba yàrá kan àti pálọ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ nínú yín bẹ̀rẹ̀ báyẹn náà. Lẹ́yìn náà rẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọmọ ń pọ̀, onílé ń fojú burúkú wo omi tá à ń lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù wá lọ mọ bí Àkúrẹ́ ṣe rí kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń kó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni olú ìlú wa tẹ́lẹ̀. Alágbàká di ọ́fíìsì, Ijapo di ẹ̀sítéètì. Nígbà Shagari, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé tiwọn, ẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní Shagari Village títí dòní. Wọ́n dá FUTA sílẹ̀ ní 1981. Nígbà tí Èkìtì bọ́ kúrò lára wa ní 1996, àwọn kan ní Àkúrẹ́ á ṣófo. Ṣé ó ṣófo? Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan lé ní 350,000. Ìlú wá ṣàn kọjá ààlà rẹ̀, ó dé Ọ̀bà-Ilé, ó ń lọ sí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀ o. Ọ̀bà-Ilé kò sí lábẹ́ Gúúsù Àkúrẹ́. Abẹ́ Àríwá Àkúrẹ́ ló wà, oríkò ìjọba ìbílẹ̀ yẹn sì wà ní Ìjù àti Ìta-Ògbólú. Ọjà Ọba lẹ ti ń tajà, Àkúrẹ́ lẹ̀ ń pe ara yín, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìwé kan bá dé, ìwé ìbùgbé ni o, tàbí yíyí káàdì ìdìbò padà, ọ̀nà ibòmíràn lẹ máa gbà. Èmi ò mọ̀. Àárọ̀ odidi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì tí kì í ṣe tèmi.

Ọdún 2012 la kó lọ síbẹ̀. Ilé náà kò tíì parí. Òrùlé wà, ilẹ̀kùn iwájú wà, yàrá méjì ló ní fèrèsé. Ìyókù, pákó la fi dí i. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ yín tó jókòó síbí ló wọlé báyẹn! Ohun tí gbogbo wa ń sọ náà làwa náà sọ: "Ẹ jẹ́ ká kúkú wọ inú ẹ̀, owó rẹ́ǹtì la ó máa fi ra sìmẹ́ńtì." Ọmọ mẹ́ta la kó lọ: ọ̀kan ọdún méje, ọ̀kan ọdún márùn-ún, àti ọmọ ọwọ́ olóṣù márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ owó rẹ́ǹtì tó di sìmẹ́ńtì yìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú owó ìsinsìnyí. Ẹni tí kò ní kálámù kó fi ìka kà á. Ká ní ọkọ̀ méjì lẹ máa wọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìsọ̀, ká ní ₦400 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lílọ ₦800, bíbọ̀ ₦800, ₦1,600 lójúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦9,600. Ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta ló wà lọ́dún: ₦499,200. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o, mi ò tíì ka ọmọ, mi ò tíì ka ẹrù tẹ́ ẹ gbé dání. Kẹ́ ẹ wá gbé rẹ́ǹtì tẹ́ ẹ̀ ń sá fún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwa tá a kó lọ ní ìgbà yẹn rò pé owó ọkọ̀ á dúró síbi tó wà. Ẹ rántí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tó wà ní nǹkan bí ₦190 ti lé ní ₦480 ní jálá kan. Ilé yín kò kúrò níbi tẹ́ ẹ kọ́ ọ sí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó jìnnà sí ọjà ju ti àná lọ.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé o. Ẹ jẹ́ n dé ibi tó dùn mí jù ná.

Iléèwé àwọn ọmọ wà nítòsí ilé tá a ti kó. A ti sanwó táàmù náà, a ní kí wọ́n kúkú máa lọ síbẹ̀. Láàárọ̀, gbogbo wa á jọ jáde. Lẹ́yìn lẹ́sìnnì, ní agogo mẹ́rin, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ nínú èmi àti bàbá wọn ni yóò lọ mú wọn. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Nígbà tá à ń gbé nítòsí, kò sí wàhálà nínú ẹ̀. Bí àwa méjèèjì bá gbàgbé, wọn á fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, ẹbí ìyàwó kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní agogo mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n ní aṣọ ẹbí ogójì èèyàn làwọn fẹ́. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́jọ́ tí ọjà kò tà láti àárọ̀. Mo ń gbé ọ̀kan kalẹ̀, mo ń gbé òmíràn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi ti kú, kò sí iná lọ́jà. Mo ní bàbá wọn á ti lọ mú ọmọ. Bàbá wọn wà ní ìpàdé àwọn tíṣà, àwọn náà ní ìyá wọn ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Èyí àgbà kò lọ síléèwé lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ kò yá, òun àti ọmọ ọwọ́ wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó ku ọmọ ọdún márùn-ún nìkan. Agogo méje alẹ́ ni mo délé. Bàbá wọn jókòó, wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n ní, "Ọmọ dà?"

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde nílé. Géètì iléèwé ti wà ní títì. Ọlọ́dẹ ní gbogbo ọmọ ti lọ, òun rò pé ìyá wọn ló wá mú wọn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú géètì yẹn, ẹ̀yin ìyá wa, pẹ̀lú owó aṣọ ogójì èèyàn nínú àpò mi. Bàbá wọn ló ní ká yà sí ilé àtijọ́, bóyá ẹnì kan rí i kọjá. Ibẹ̀ la bá a. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá onílé, wọ́n ti wẹ̀ fún un, ó wọ ẹ̀wù ọmọ ẹlòmíràn, ó ń jẹ ẹ̀bà. Mo ní kí ló dé tó o fi wá síbí? Ó wò mí bíi pé èmi ni mo sọnù. Ó ní, "Mo wálé ni."

Ìyá onílé tá à ń pè ní òǹrorò lórí ọ̀rọ̀ omi kò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ kó ẹrù lọ, ẹ ò kó ọmọ."

Nígbà tá a délé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn ní kí n pa ṣọ́ọ̀bù tì títí ọmọ á fi gbọ́n. Mo ní ta ló ra irin tó wà lórí ilé yìí? Ta ló san owó káfíńtà? Wọ́n ní kí ni irin á ṣe fún ọmọ tó bá sọnù? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́, tèmi náà kì í ṣe irọ́, ìdí tí ìjà náà kò fi tètè parí nìyẹn. Ìsọ̀ yẹn, ìyá mi ló fi owó ọjà wọn dá a sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá pa á tì lọ́dún kan, ẹlòmíràn á ti gba àyè náà, gbogbo wa la mọ bí ó ṣe ń lọ.

Ẹni tó bá wa dá sí i ni obìnrin kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Ìyá Gàrí là ń pè wọ́n. Oṣù bíi mélòó kan la ti jọ ń gbé, "ẹ káàárọ̀, ẹ kúùrọ̀lẹ́" lórí fẹ́ǹsì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Pákó ojú fèrèsé kì í dá ariwo dúró. Wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní, "Ìyàwó, ọmọ tèmi méjì ń lọ síléèwé ìsàlẹ̀ níbí. Aránṣọ kan wà ní ilé kẹta, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé tá ò jọ sọ̀rọ̀?"

Bá a ṣe ṣe é nìyí, ẹ lè mú èyí tó bá wúlò. Lẹ́yìn Kérésì, ní táàmù kejì, a kó àwọn ọmọ wá sí iléèwé àdúgbò. Kò dára tó ti ìlú, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ lè dé e. Aránṣọ ló ń lọ mú gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá jáde, ọmọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Gàrí ń fún un ní gàrí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ń fún un lówó díẹ̀, àwọn tó bá sì ra aṣọ lọ́wọ́ mi tí wọn ò ní aránṣọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń rán wọn lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́, torí ó rí èrè nínú ẹ̀. Àánú lásán kì í tó táàmù kan. A kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ fún iléèwé, a ní ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ wa, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. A kọ́ ọmọ ní nọ́ńbà fóònù, a sì mú un rìn láti iléèwé dé ilé tuntun títí òun fúnra rẹ̀ fi ń ṣáájú wa.

Ọjà náà jìyà. Tẹ́lẹ̀, agogo méje ààbọ̀ ni mo ń ṣí ìsọ̀. Láti ẹ̀yìn ìlú, ó di mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àwọn tó ń wá ra ọjà láràárọ̀ láti Ìdànrè, láti Ọ̀wọ̀, láti Oǹdó tí wọ́n gba ọ̀nà Owena wá, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n fẹ́ padà kí oòrùn tó mú. Wọ́n yà sí ìsọ̀ kejì. Alájọ náà á ti kọjá kí n tó dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa yà lọ́sàn-án, mo mú ọmọbìnrin kan tó lè ṣí ìsọ̀, mo ń kọ ìwé ọjà sílẹ̀ lálaalẹ́. Ó tó ọdún méjì kí ìsọ̀ náà tó padà sípò, àwọn oníbàárà kan kò sì padà mọ́ títí dòní.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọ ọwọ́ náà. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un wà nínú ìlú, ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fún ọmọ. Lọ́sẹ̀ yìí mo ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ọjà dé. Káàdì rẹ̀ wà nínú àpótí tá ò tíì tú. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án, ó kọjá. Ní oṣù kọkànlá, èéyi mú un. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mi ò fi sùn. Ó yè, a dúpẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìyàwó, ẹ jẹ́ n tún un kà fún yín. Èyí àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n bí i, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, lẹ́yìn náà oṣù kẹsàn-án, ti èéyi àti ibà pọ́njú wà nínú ti oṣù kẹsàn-án yìí. Láti 2019, ìjọba ti fi ẹlẹ́ẹ̀kejì ti èéyi kún un ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010, tí ti Oǹdó tẹ̀lé e ní 2012, ọ̀pọ̀ wa gbà pé ibẹ̀ nìkan lèèyàn ń gbé ọmọ lọ. Fún abẹ́rẹ́, kò dìgbà náà. Ilé ìlera kékeré tó wà ládùúgbò á gba káàdì yín láti ibikíbi tẹ́ ẹ ti wá. Kẹ́ ẹ tó gbé àga kan ṣoṣo lọ, ẹ lọ béèrè ibi tó wà àti ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ. Àpò ọwọ́ yín ni káàdì yẹn máa wà lọ́jọ́ ìkẹ́rù, kì í ṣe inú àpótí.

Ti ilẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ gbé ìwé sọ́fè lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ti omi ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọkùnrin wa ṣe ń rò ó lọ. Ẹ lọ wo kànga àdúgbò ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ má lọ ní oṣù keje tí gbogbo kànga kún. Kí kànga jìnnà sí ihò ṣalángá, ó kéré tán àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, kó tó ọgọ́rùn-ún bí àyè bá wà. Ẹ wo ṣalángá ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín náà, torí púlọ́ọ̀tì wa kò fẹ̀, tirẹ̀ lè sún mọ́ kànga yín ju tiyín lọ. Kẹ́ ẹ fi ìdérí onírin àti kọ́kọ́rọ́ sí i kí ọmọ tó wọ ọgbà náà. Mi ò fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní Oǹdó, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ nìkan nìyí. Ilé ń yọ lọ sí ọ̀nà Laje látìgbà tí UNIMED ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2015, bó ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adéyẹmí lẹ́yìn 1964. Bí àwọn ọ̀dọ́ yín bá ń sọ pé àwọn fẹ́ kúrò nínú agbo ilé, ẹ má bú wọn, èmi náà kúrò. Ẹ kàn bi wọ́n pé ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ní agogo méjì ọ̀sán.

Ìyá kan bi mí kí n tó dìde pé, tó bá ṣe é tún ṣe, ṣé mo máa kó? Mo máa kó. Ilé ara ẹni dùn, fèrèsé wa ti pé báyìí, kò sí ẹni tó ń ka omi fún mi. Ṣùgbọ́n mo máa sún un síwájú ní ọdún kan, iléèwé ni mo sì máa kọ́kọ́ lọ wò kí n tó wo búlọ́ọ̀kù. Ọmọ tó rìn lọ sí ilé àtijọ́ yẹn ti ṣe WAEC tán. Òun ló ń gbé ìrẹsì Kérésì lọ fún ìyá onílé lọ́dọọdún, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé e.

Àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí ti ní àwọn fẹ́ lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé. Ẹ wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn agogo méjì, ká jọ lọ. Ọkọ̀ èrò la máa wọ̀ o, ká lè mọ iye tó jẹ́ àti bó ṣe ń pẹ́ tó.